Ọlọ́pàá ń kọ orúkọ ọmọ wa sílẹ̀, kí kọ́ọ̀tù náà máa kọ ibi tí ẹjọ́ parí sí

Sí Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ọlọ́pàá bá mú èèyàn l'Ékòó, ìwé tí wọ́n máa kọ orúkọ ẹ̀ sí ò kéré rárá. Wọ́n á kọ ọ́ sí ìwé ńlá tó wà lórí káńtà, wọ́n á tún kọ ọ́ sí ìwé àwọn tó wà ní sẹ́ẹ̀lì, IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ ẹ̀, á gba sítéétímẹ́ǹtì lẹ́nu ẹ̀, tí wọ́n bá gbé e lọ kọ́ọ̀tù orúkọ ẹ̀ á wọ charge sheet, ìyẹn ìwé ẹ̀sùn, akọ̀wé kọ́ọ̀tù á kọ ọ́ sí rẹ́jísítà tiẹ̀, tí adájọ́ bá wá ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sí Kirikiri tàbí Ìkòyí, àwọn yẹn náà á kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ kan, ìwé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kẹ́ ẹ lọ bi wọ́n pé báwo lẹjọ́ yẹn ṣe parí, ẹ lè yẹ ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò kẹ́ ẹ má rí ìdáhùn nínú ìkankan.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ní Alausa bá wa tún ṣe nìyẹn. Kí wọ́n ṣe é lófin pé orúkọ tó bá ti wọ ìwé, ìparí ọ̀rọ̀ ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, kí wọ́n dá ọjọ́ fún un, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tá a máa dì mú tí kò bá wọ ibẹ̀.

Rẹ́jísírì, ìyẹn ọ́fíìsì àwọn akọ̀wé, ní kọ́ọ̀tù májísíréètì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, lórí mainland ńbí, mi ò ní dárúkọ kọ́ọ̀tù náà torí àwọn tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ ṣì ń bá iṣẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ́jísítà yẹn fún ẹni tí kò rí i rí. Ìwé gbàǹgbà ni, tẹ́ ẹ bá ṣí i sílẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí tábìlì, wọ́n fi ìlà pín in lóòró. Nọ́ńbà ẹjọ́ ló ṣáájú, orúkọ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀sùn, ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, orúkọ adájọ́, ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí, tó bá wá kù díẹ̀ kí ojú ewé tán lápá ọ̀tún, àyè kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìdájọ́. Àyè yẹn ló máa ń ṣófo jù nínú gbogbo ìwé yẹn. Ẹ ó rí ojú ewé tó jẹ́ pé orúkọ kún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀sùn pé síbẹ̀, ọjọ́ pé síbẹ̀, apá ọ̀tún wá funfun báláú.

Kì í ṣe pé akọ̀wé ń ṣọ̀lẹ o, kẹ́ ẹ má bàa ṣì mí gbọ́. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un, adájọ́ yẹn gba tíránsífà lọ Ìkòròdú, òmíràn dé, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba náà gba tíránsífà. Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn ńlá bí ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, kọ́ọ̀tù májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ọ, ṣe ni wọ́n á ní kí wọ́n lọ fi ẹni náà pamọ́ kí fáìlì fi lọ sọ́dọ̀ DPP, ọ̀gá àwọn lọ́yà ìjọba tó ń rojọ́ ọ̀daràn, ní Alausa fún legal advice, kó sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀, tí advice bá dé pé kò sẹ́jọ́ níbẹ̀, lẹ́tà ni wọ́n á mú wá, adájọ́ á kà á, á tú ẹni náà sílẹ̀, lẹ́tà á wọ inú fáìlì, fáìlì á wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ta ló máa padà lọ ṣí ìwé ọdún méjì sẹ́yìn láti lọ kọ ọ́ sí apá ọ̀tún? Kò sí òfin tó ní kó ṣe é lọ́jọ́ kan pàtó, kò sì sí ẹni tó ń yẹ ìwé wò lóṣoosù pé èwo ló ṣófo.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ rèé. Ẹni tí wọ́n bá rán lẹ́wọ̀n, ìdájọ́ tiẹ̀ ò rọrùn láti sọnù, torí ọgbà ẹ̀wọ̀n ò ní gbà á láìsí ìwé àṣẹ kọ́ọ̀tù, ẹ̀dà á wà níhìn-ín, ẹ̀dà á wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí béèlì tí adájọ́ da ẹjọ́ ẹ̀ nù, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló nílò láti fi délé. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìwé lẹ́nu géètì. Òun náà ò sì ní dúró kó máa béèrè pé ṣé ẹ ti kọ ọ́, inú ẹ̀ ń dùn, ìyá ẹ̀ ń sunkún ayọ̀, wọ́n fẹ́ tètè kúrò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ míì má lọ dé. Ẹ wá rí i pé àwọn tó jẹ̀bi nìwé wa ń parí ọ̀rọ̀ wọn, àwọn tí kò jẹ̀bi lọ̀rọ̀ wọn ń rọ̀ sáfẹ́fẹ́ títí ayé. Ẹ̀sùn wà nílẹ̀, ìdáláre ò sí. Òfin ilẹ̀ wa, ìyẹn constitution 1999, abala 36, sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ò tíì jẹ̀bi títí kọ́ọ̀tù á fi sọ pé ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìwé tá a ń kọ ń sọ òdìkejì ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ṣí i.

Ọmọ aládùúgbò mi kan wà lágbègbè wa, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́ nígbà yẹn. Wọ́n rèèdì ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kó gbogbo wọn, wọ́n fẹ̀sùn dída àlàáfíà ìlú rú kàn wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, ọlọ́pàá tó mú wọn ò yọjú sí kọ́ọ̀tù láti jẹ́rìí, adájọ́ retí retí, ó da ẹjọ́ nù. Ó parí. Àwa rò pé ó parí ni o. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ọmọ yìí ríṣẹ́ dírẹ́bà nílé iṣẹ́ kan tó dáa, wọ́n ti ní kó lọ rán yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n wá ṣe ìwádìí orúkọ ẹ̀, wọ́n ní wọ́n rí i pé wọ́n gbé e lọ kọ́ọ̀tù rí, kó lọ mú ìwé wá pé ẹjọ́ náà ti parí. Ó dé kọ́ọ̀tù, wọ́n ní kó mú nọ́ńbà ẹjọ́ wá kí wọ́n tó lè wá a. Níbo ló ti fẹ́ rí nọ́ńbà? Ìyá ẹ̀ gbé gbogbo ìwé tó ní wá bá mi nínú ọ̀rá, rìsíìtì, ìwé béèlì tó ti gbó, sítíkà ilé ìwòsàn pàápàá wà níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà ẹjọ́ nínú ìkankan. Mo bá a lọ. Wọ́n mú wa lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí, òjò ti wọ ibẹ̀, àwọn fáìlì tó wà nísàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, tẹ́ ẹ bá fà á yíya ló ń ya. Orúkọ ẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà ketekete, ẹ̀sùn wà níbẹ̀, apá ọ̀tún ṣófo. Adájọ́ tó dá a sílẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ yẹn gba ẹlòmíì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá lọmọ náà ń wà títí di òní, ó sì ń bójú tó ilé ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn tọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé òfin wà. Bẹ́ẹ̀ ni, òfin wà. Àwa l'Ékòó la tiẹ̀ kọ́kọ́ ṣe òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tuntun ní gbogbo Nàìjíríà, ACJL, lọ́dún 2007, a tún un ṣe ní 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣe tiwọn ní 2015 ni, wọ́n sì wo tiwa kí wọ́n tó ṣe é. Ní 2021 a tún fi kún un pé ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ to àwọn tí wọ́n fura sí síwájú oníròyìn mọ́. Ohun tó dáa ni gbogbo ẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Òfin àpapọ̀ 2015 yẹn gan-an, abala 15 ẹ̀ sọ pé tí ọlọ́pàá bá mú èèyàn kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, bó ṣe ga tó, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ níka, kí gbogbo ẹ̀ má sì kọjá wákàtí 48. Abala 16 wá ní kí rẹ́jísírì àkọsílẹ̀ ọ̀daràn wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ti gbogbogbòò sì wà, kí ìdájọ́ kọ́ọ̀tù máa dé ibẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n bá dá a.

Ẹ tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kà dáadáa. Ta ni wọ́n ní kó gbé ìdájọ́ lọ? Ọlọ́pàá ni. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ yẹn ti gbé ẹjọ́ míì wọlé kí adájọ́ tó kọ̀wé tán, ibi tó kù sí nìyẹn. Ọlọ́pàá kì í sì í ṣe ti gómìnà, Abuja ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún wọn, Ilé Aṣòfin Èkó ò lè ṣe òfin tó máa dá ọ̀gá ọlọ́pàá lẹ́kun. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀tù májísíréètì ti Èkó ni, High Court Èkó náà tiwa ni, DPP wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ wa ní Alausa, akọ̀wé kọ́ọ̀tù ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ẹ kúkú gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tọ́wọ́ yín tó! Kí òfin Èkó sọ pé akọ̀wé àgbà kọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ló máa fi ìparí ẹjọ́ ránṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé wọ́n rán an lẹ́wọ̀n, ìbáà jẹ́ pé wọ́n dá a sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n da ẹjọ́ nù, ìbáà jẹ́ pé DPP ní kò sẹ́jọ́, kó fi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá àti sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ sì máa rí ìwé tó ń sọ èwo ló ṣì ṣófo ní kọ́ọ̀tù wo. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: Central Criminal Registry tí wọ́n ń kó ìtẹ̀ka gbogbo Nàìjíríà sí, Alágbọn ní Ìkòyí ló wà, ibẹ̀ làwọn ọmọ wa ti máa ń lọ gba police character kí wọ́n tó lọ Kánádà. Láti kọ́ọ̀tù májísíréètì Tinúbú dé Alágbọn ò jìnnà rárá tí gósíló ò bá sí. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ò lẹ́sẹ̀, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ láti gbé e débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ti rí Sodiq nínú charge sheet, tó di Sadiq nínú rẹ́jísítà, tó di Sodeeq nínú ìwé béèlì, èèyàn kan náà ni o. Ẹ wá ro ó síbòmíì, Sodiq mélòó ló wà ní Mushin nìkan? Ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú charge sheet ò ju orúkọ, lẹ́tà m tàbí f pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti ọjọ́ orí tó jẹ́ pé àfojúbù ni. Torí náà ọmọlúàbí kan lè lọ wá iṣẹ́ kí wọ́n bá orúkọ tó jọ tiẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lé e, ọ̀daràn paraku sì lè yí lẹ́tà kan padà nínú orúkọ ẹ̀ kó kọjá lọ wẹ́rẹ́. Ìtẹ̀ka àti NIN ló máa tán ìyẹn. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ka èèyàn ní teṣan, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kó máa tẹ̀ lé e láti teṣan dé kọ́ọ̀tù dé ọgbà ẹ̀wọ̀n dé ilé ẹ̀, kí wọ́n yé fún un ní nọ́ńbà tuntun níbi gbogbo tó bá yà sí.

Ẹni tó bá ń rò pé àwọn ọmọ tí wọ́n kó ní rèèdì nìkan ni mò ń gbèjà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí. Tí kọ́ọ̀tù bá ti sọ pé ẹnì kan jẹ̀bi, kí adájọ́ tó sọ iye ẹ̀wọ̀n tó máa ṣe, á bi ọlọ́pàá tó ń rojọ́ pé ṣé ó ti dáràn rí. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti gbọ́ ọ tí wọ́n dáhùn pé kò sí lákọsílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyí. Báwo lọlọ́pàá yẹn ṣe fẹ́ mọ̀? Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ́dún tó kọjá, Agége ni wọ́n ti mú un lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀, ìwé Ajégúnlẹ̀ wà l'Ájégúnlẹ̀, ìwé Agége wà l'Ágége. Adájọ́ á ṣàánú ẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣìnà, á ní kó sanwó ìtanràn, ẹni tó tún lọ jà lólè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ò ní mọ̀ pé àyè tó ṣófo nínú ìwé kan ló fa tòun. Ìwé tó pé á gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀, á sì tún dá ẹni tó ń fi olè ṣiṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ti iná. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹwàá 2020, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé EndSARS, wọ́n dáná sun High Court Igbóṣeré lórí Lagos Island. Kọ́ọ̀tù àtijọ́ ni, fáìlì jóná, ẹ̀rí jóná, àwọn tó wà lẹ́wọ̀n tí wọ́n ń dúró de ìdájọ́ wá di ẹni tí ẹjọ́ ẹ̀ ò ní ìwé mọ́. Nínú ọjọ́ mélòó kan yẹn náà ni wọ́n sun teṣan ọlọ́pàá bíi mélòó kan, Orílé wà lára ẹ̀, wọ́n sì kó ilé àyẹ̀wò DNA ìpínlẹ̀ wa tó wà lórí Island, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2017. Nígbà tí mo gbọ́ ti Igbóṣeré, mi ò ronú ilé, ilé á ṣeé kọ́. Àwọn rẹ́jísítà yẹn ni mo ronú sí, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà lókè eèpẹ̀. Kí òfin sọ ọ́ pé ìwé kọ́ọ̀tù kankan ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kí èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà wà níbòmíì tó yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n ti kọ ọ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé tá a bá ti ra kọ̀ǹpútà ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá tí wọ́n fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ torí kò síná, tí kò sì sí ẹni tí wọ́n kọ́. Ìwé tó ṣófo lápá ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà, á kàn ṣófo nínú kọ̀ǹpútà náà ni.

Èyí tó tún ń jẹ mí lọ́kàn ni ti ìṣirò. Àjọ NBS, àwọn tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, gbé iye ẹ̀sùn tí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí ní gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 2017 jáde, wọ́n ní 134,663 ni. Èkó nìkan kó 50,975, ìyẹn ìdá 37.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Katsina ní 120. Ọgọ́fà péré fún odindi ìpínlẹ̀ láàárín ọdún kan! Ṣé ẹ gbà pé kò sí olè ní Katsina ni? Iye yẹn ń sọ ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé ju ibi tí olè wà lọ. Àwọn kan á wá gbé e kiri pé Èkó ló burú jù. Èkó gan-an alára, mélòó là ń kọ? NBS yìí kan náà wá ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé, wọ́n gbé e jáde ní ìparí 2024, wọ́n rí i pé nínú àwọn ilé tí olè ti ja, àwọn tó lọ sọ fún ọlọ́pàá ò tó ìdajì.

Mo sì mọ ọ̀nà kan tí ti Èkó fi ń sọnù, torí iwájú tábìlì mi ló ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n já fóònù èèyàn gbà ní gósíló Òṣòdì tàbí Mile 2, wọ́n fọ́ gíláàsì mọ́tò ẹ̀, ohun tó kan ẹni yẹn lójú ni bó ṣe máa gba síìmù ẹ̀ padà. Wọ́n á ní kó lọ búra ní kọ́ọ̀tù. Ó máa dé ọ̀dọ̀ wa, fọ́ọ̀mù afidéfíìtì ti wà ní títẹ̀ sílẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé nǹkan òun sọnù, gbogbo ìgbìyànjú láti rí i já sí pàbó. Á fọwọ́ sí i, á sanwó, á lọ. Olè tí wọ́n fi òkúta jà lójú ọ̀nà ti di nǹkan tó sọnù nìyẹn, kò sí nínú ìwé teṣan, kò sí nínú ìṣirò, ọ̀gá ọlọ́pàá tó fẹ́ pín àwọn èèyàn ẹ̀ sójú títì ò ní mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn lọ̀rọ̀ ti gbóná. Kí wọ́n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù yẹn: ṣé ó sọnù ni àbí wọ́n jà ọ́ lólè, níbo, aago mélòó, kí kọ́ọ̀tù máa kó o jọ lóṣoosù fún ìjọba. Kánsù kọ̀ọ̀kan náà, kí wọ́n máa lẹ iye ẹ̀sùn tó wáyé ládùúgbò wọn mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì wọn lóṣoosù, iye tí wọ́n mú, iye tó dé kọ́ọ̀tù, iye tó parí. Láìdárúkọ ẹnikẹ́ni o, iye nìkan.

Ti àwọn ọmọdé wá ńkọ́? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Èkó ti wà láti 2007, kò sì fẹ́ kí àkọsílẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ di ohun tí gbogbo èèyàn ń rí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n á mú, wọ́n á kọ mọ́kàndínlógún síwájú orúkọ ẹ̀, kó lè wọ kọ́ọ̀tù àwọn àgbàlagbà. Mo ti rí ìyá tó gbé ìwé ìbí ọmọ ẹ̀ dání tó ń na án sókè nínú kọ́ọ̀tù. Tí NIN bá wọ ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ orí ò ní jẹ́ àfojúbù mọ́.

Tá a bá wá kọ gbogbo ẹ̀ pé pérépéré, ẹni tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ, kó sì ní kí wọ́n tún un ṣe tí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo dátà aráàlú, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, ti fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ tí kò tọ́ ṣe, ó yẹ kí òfin Èkó sọ ọ́ ní kedere bá a ṣe máa lò ó ní kọ́ọ̀tù àti ní teṣan. Ó sì yẹ kí ọ̀ràn kékeré máa pa rẹ́ lẹ́yìn ìgbà tó bá yá. Ìlú Ọba ti ṣe é láti 1974, ẹni tó bá ti ṣe ẹ̀wọ̀n kékeré tán tó sì gbé ìgbé ayé ẹ̀ jẹ́ẹ́ fún iye ọdún kan, kò pọn dandan kó máa sọ ọ́ mọ́ tó bá ń wáṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ṣe òfin kan ní 2018 tí kọ̀ǹpútà fi ń bo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, títí kan ẹ̀sùn tí kò dé ibi ìdájọ́ ẹ̀bi, èèyàn ò sì ní láti lọ gba lọ́yà. Kò kan ìpànìyàn, kò kan ìfipábánilòpọ̀. Tiwa náà ò gbọ́dọ̀ kàn án, ìwé àwọn tó ń fipá bá ọmọdé lò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ títí láé, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ọjà ta lójú títì, tí wọ́n ní kó sanwó ìtanràn, kí ló dé tí ìyẹn á fi máa tẹ̀ lé e kiri bí òjìji títí ogún ọdún?

Ẹ̀yin oníròyìn náà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ pé wọ́n gbé Lágbájá lọ kọ́ọ̀tù, orúkọ ẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ibẹ̀ làwọn ilé iṣẹ́ ti ń wá a. Tí kọ́ọ̀tù bá dá a sílẹ̀, ìwé ìròyìn tó ń padà lọ kọ ìyẹn ò pọ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, akọ̀ròyìn kan ló ń sáré kọ́ọ̀tù mẹ́rin lóòjọ́. Tí kọ́ọ̀tù bá ń gbé àbájáde ẹjọ́ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á rọrùn fún yín láti tẹ̀ ẹ́, ẹ tún lè lọ fi kún ìròyìn àkọ́kọ́ yẹn nísàlẹ̀.

Mo rọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pé kí wọ́n pe gbogbo wa jọ fún àpérò lórí èyí, kí wọ́n pe àwọn akọ̀wé kọ́ọ̀tù pẹ̀lú, kì í ṣe àwọn lọ́yà àgbà nìkan, torí àwa la mọ inú ìwé yẹn. Nǹkan kan sì wà tí kò nílò kọ̀ǹpútà, tí kò nílò bọ́jẹ́ẹ̀tì, tí adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ lè pàṣẹ ẹ̀ kí òfin tuntun tó dé rárá: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dá sílẹ̀ tàbí tí wọ́n da ẹjọ́ ẹ̀ nù, kó tó jáde kúrò nínú ọgbà kọ́ọ̀tù kí wọ́n fún un ní ìwé kan tó ní nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ ẹ̀ bó ṣe wà nínú charge sheet, ẹ̀sùn, ọjọ́, ohun tí adájọ́ sọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù, lọ́fẹ̀ẹ́, kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀. Ojú ewé kan ni, kò ní gba akọ̀wé ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó ti fẹ̀yìn tì,
Ebute Metta, Èkó.